Ta ló sá? Lórí àbá "ìsáfówó-orí"

Ẹ̀gbọ́n wa ti Kétu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe ohun tí àwọn olówó ń ṣe, tí wọ́n ń kó èrè wọn lọ sí erékùṣù tí kì í gba owó orí, ní "ìsáfówó-orí". Ẹ má bínú, mi ò gbà.

Ta ló sá níbẹ̀? Ẹ mọ ìtàn yìí jù mí lọ: nígbà ìjọba Faransé, àwọn ará Kétu palẹ̀ mọ́ tọmọtọmọ, wọ́n kọjá ibodè sí ìhà Ìmẹ̀kọ nítorí owó orí àti ogun tí wọ́n ń fi tipá kó àwọn ọmọkùnrin lọ jà. Wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi ojú oórì baba wọn sílẹ̀. Ìyẹn ni sísá. Àwọn ará Àjàṣẹ́ tiwa (Porto-Novo) ò tilẹ̀ sá ní 1923. Wọ́n yarí sí àfikún owó orí, Faransé sì lé Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn, lọ sí Mọritáníà.

Olówó tí à ń sọ yìí ńkọ́? Ilé rẹ̀ ló wà. Títì ìlú ló ń tọ̀, ọlọ́pàá ìlú ló ń ṣọ́ ọ. Ìwé nìkan ló rìnrìn àjò. Nígbà tí àṣírí Panama Papers tú ní 2016, ìwé mílíọ̀nù 11.5 láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ṣoṣo, Mossack Fonseca, tó ń bá olówó dá ilé-iṣẹ́ orí ìwé sílẹ̀, ó lé ní ìdajì àwọn ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ tó jẹ́ ti British Virgin Islands, ọ̀kan nínú irú erékùṣù bẹ́ẹ̀.

Èdè Faransé tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Ará Èkó tó bá gbọ́ "evasion" nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n ló gbọ́; àwa níbí ní Benin ń fi "évasion fiscale" pe èyí tí òfin gbà àti èyí tí kò gbà pọ̀, "fraude" là ń pe ti ẹlẹ́wọ̀n. "Paradis fiscal", orúkọ tí wọ́n ń pe irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, ló wá burú jù. Gẹ̀ẹ́sì ní "haven", èbúté ààbò. Faransé sọ ọ́ di ọ̀run rere, bóyá etí ló tàn wọ́n, tí wọ́n gbọ́ "heaven". Álífáà kan tí mo sọ ọ́ fún ní ọjà Ouando rẹ́rìn-ín: "Àlùjánnà tí wọn kì í ti í yọ sàká?" Èbúté náà ò sì bá a mu, èbúté gan-an ni wọ́n ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ wa! Ibùba owó ni mo máa ń pè é.

Àbúrò wa tó ní kí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn má ṣe dájọ́, torí òfin fàyè gbà á, ó sọ òótọ́ dé ààyè kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní "olè". Ṣùgbọ́n "ọgbọ́n" tó fẹ́ fi sí i, ìdájọ́ kọ́ nìyẹn? Ká ní aláṣọ kan ní Ouando jèrè, ó wá sọ fún agbowó-orí pé àbúrò òun ní erékùṣù ló ni orúkọ "Ìyá Aláṣọ", pé gbogbo èrè lòun ti fi san owó orúkọ. Àbúrò erékùṣù ọ̀hún, àpótí lẹ́tà lásán ni. Ṣé ọgbọ́n la ó pe ìyẹn?

Ìkérè-sẹ́yìn-odi ni àbá tèmi. Ó sọ ohun tó kúrò nílé àti ibi tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bú u. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Agbẹjọ́rò tó ń to ìwé yẹn fún wọn ni mi ò tíì rí orúkọ fún.