Jọs, Lakowe àbí Ìlárá-Mọ̀kín: níbo ni kí àwa mẹ́fà ti lọ gbá gọ́ọ̀fù?

Ọmọ Adó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa mẹ́fà la fẹ́ gbéra láti Adó-Èkìtì ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ márùn-ún gbáko, gọ́ọ̀fù nìkan la bá lọ. Handicap (iye ìgbà tí èèyàn sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá iye tí pápá retí, èyí tó kéré ló dáa) àwọn mẹ́rin wà láàárín 14 sí 20. Àwọn méjì tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, 36 ni tiwọn. Ẹnu wa ò kò: àwọn kan ní Jọs torí òkè àti òtútù, àwọn kan ní Lakowe ní ìhà Lẹ́kí torí atẹ́gùn òkun, àwọn tó kù ní Ìlárá-Mọ̀kín tó wà nítòsí ti tó. Èwo lẹ máa mú, kí ló sì lè ba tibẹ̀ jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìyìn:
Àbúrò, ẹ gbé ti ẹwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sọnù jù láàárín yín ni kẹ́ ẹ fi mú pápá. Níbi tí omi pọ̀ sí, oní-36 lè sọ bọ́ọ̀lù mẹ́wàá nù kó tó parí ihò 18, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sì ni òfin gbà yín láyè láti wá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún pín ara yín sí mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kan wà níbí, kí ọ̀kan wà lọ́hùn-ún. Bẹ́ ẹ bá kó àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn á dúró títí ẹsẹ̀ á fi ro wọ́n.

Ìlárá-Mọ̀kín ni màá mú. Smokin Hills, pápá gọ́ọ̀fù tó wà níbẹ̀, ní ihò 18, par 72 (iye ìgbà tí wọ́n retí kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù parí rẹ̀). Ẹ gba Ìkẹ́rẹ́, Ìjù àti Ìta-Ògbólú dé Àkúrẹ́, ẹ ti kúrò lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àwọn ìyàwó bá máa bá yín lọ, ẹ kọ́kọ́ sùn ní Ìkọ̀gòsì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gba Ìgbàrà-Odò bọ́ sí Ìgbàrà-Òkè.

Ohun tó máa dà yín láàmú níbẹ̀ ni ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá gbé bọ́ọ̀lù ga ju ẹsẹ̀ yín lọ, apá òsì ló máa yà sí fún ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá. Ẹ di ọ̀pá mú nísàlẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fojú sun apá ọ̀tún green (ibi koríko kúkurú tí ihò wà). Bó bá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ọ̀tún ló ń sá sí. Green tó bá sì fi mítà mẹ́wàá ga ju ibi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹ ka ọ̀nà rẹ̀ sí mítà mẹ́wàá lé. Lásìkò ọ̀yẹ́, ilẹ̀ á ti gan: ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ ṣáájú green kó yí wọlé, torí èyí tó bá bọ́ sórí green tààrà á ta kọjá.

Aráa Plateau:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú di Jọs o. Ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù sì ń jìnnà sí i ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 fún gbogbo 300 mítà tẹ́ ẹ bá gùn. Ṣùgbọ́n Adó náà ti ju 400 mítà lọ, nítorí náà ẹ má ka gbogbo rẹ̀ sí èrè. Iron 7 (ọ̀pá onírin, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń jìnnà sí) tó ń lọ 140 yáàdì nílé á lọ bíi 147. Láàárọ̀ kùtù, òtútù á mú bọ́ọ̀lù le, á sì gba díẹ̀ padà níbẹ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sápò kó gbóná.

Ìṣòro Jọs kì í ṣe orí pápá, ojú ọ̀nà ni. Láti Àkúrẹ́, ẹ ó kọ́kọ́ fò lọ sí Èkó tàbí Abùjá, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú míì. Ní oṣù Kìn-ín-ní, eruku ọ̀yẹ́ lè dí ojú sánmà, kí wọ́n fagi lé ìrìn àjò. Ọjọ́ méjì nínú márùn-ún lè bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un bẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́jọ.

Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá green ni wọ́n ní àbí brown, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ ní Nàìjíríà. Iyanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni brown. Bọ́ọ̀lù kì í tẹ̀ lórí rẹ̀ bíi ti koríko, ẹ gbá a gbọnmọ kó lọ tààrà.

Atẹ́gùn Lẹ́kí:
Lakowe dùn, àmọ́ atẹ́gùn ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó máa ń le lọ́sàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Bí atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 10 ní wákàtí bá dojú kọ yín, ó lè jẹ nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lára bí bọ́ọ̀lù ṣe ń jìnnà. Bó bá ń tì yín lẹ́yìn, nǹkan bí ìdajì ìyẹn ló ń dá padà. Ibí làwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á fi gbogbo agbára gbá a. Agbára ń mú kí bọ́ọ̀lù yí kíkankíkan, yíyí yẹn ló ń gbé e lọ sókè fún atẹ́gùn láti gbà. Ọ̀pá tó jù ú lọ ní méjì ni kẹ́ ẹ mú, iron 5 dípò 7, kẹ́ ẹ rọra fì í.

Ẹ má gba ẹni tó bá ní ọ̀rinrin ló ń wúwo lórí bọ́ọ̀lù gbọ́. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tó gbẹ lọ. Ẹ sùn sítòsí pápá o, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lè jẹ àsìkò tẹ́ ẹ gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìyá Oníputter:
Ẹ pe pápá kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ìdíje àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá bọ́ sí Sátidé yẹn, wọn ò ní gba àlejò. Ẹ mú ìwé handicap dání, ẹ sì ka ọ̀pá yín, kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ yọ orí driver (ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù) kúrò lára igi rẹ̀ bó bá ṣeé tú, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé e.

Ọmọ Adó:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìlárá-Mọ̀kín ti mókè. Ṣé kí àwọn méjì yẹn ra bọ́ọ̀lù àlòkù lọ́wọ́ caddie, àwọn tó ń bá èèyàn gbé ọ̀pá?

Ẹ̀gbọ́n Ìyìn:
Kí wọ́n rà á, méjìlá méjìlá fún ẹni kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Kí wọ́n fi èékánná họ ara rẹ̀ wò: èyí tí funfun rẹ̀ ti pọ́n, tí ara rẹ̀ sì ń yọ̀, ó ti pẹ́ nínú omi, kò ní jìnnà mọ́. Kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ihò tó ní omi níwájú.