Òrùlé ilé ìjọsìn wa àtijọ́ ń jò, owó àtúnṣe ò sì wọlé mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akápò Àtúnṣe

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Ilé ìjọsìn wa ti lé ní 100 ọdún. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, igi ló gbé òrùlé ró. Láti ọdún tó kọjá, bí òjò bá ti ṣú, a ti ń wá korobá mẹ́ta tí a máa tò sí àárín ìjókòó nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, omi kán sórí Bíbélì ńlá tó wà lórí àga ìwàásù. Èmi ni mo sáré gbé e kúrò níbẹ̀, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti gba ọrẹ pàtàkì. Ti àkọ́kọ́ dára. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ò tó ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó tí a dá níjọ́sí, kí lẹ fi ṣe?" Mi ò rí èsì tó mọ́yán lórí fún wọn, torí ọ̀dà la fi kun ògiri, ọ̀dà náà sì ti ń ṣí. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n kéde ọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn kan ní ká kúkú wó ilé náà, ká kọ́ tuntun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, ibẹ̀ la gbé òkú bàbá mi wọ̀ fún ìsìn ìkẹyìn. Mi ò fẹ́ kó wó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Birikìlà Olókùúta

Ẹ má tíì kéde ohunkóhun. Ọ̀dà tó ń ṣí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò dáadáa. Omi ló wà nínú ògiri tó ń wá ọ̀nà jáde, ọ̀dà sì dí i lọ́nà. Bí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ tún wo àárín òkúta sí òkúta. Ilé tó pẹ́ tó yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lime ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n sì fi omi pa. Ẹ fi ìṣó ha á. Bí ó bá funfun tó sì ń rún, lime ni ó jọ. Lime rọ̀ ju òkúta lọ, ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin gba inú rẹ̀ jáde. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin, birikìlà ará England kan, gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland, ìyẹn irú sìmẹ́ńtì tí a ń lò lónìí, àmọ́ ilé olókùúta ti wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó dé. Tí ẹnikẹ́ni bá wá fi sìmẹ́ńtì dí ojú ìṣopọ̀ wọ̀nyẹn fún yín, omi ò ní rí ibòmíràn gbà mọ́ ju ara òkúta fúnra rẹ̀ lọ, òkúta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó lójú. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mí, torí àwọn tó san owó iṣẹ́ náà rò pé àwọn ń gba ilé là ni.

Nítorí náà, ẹ wá ayàwòrán ilé tó mọ ilé àtijọ́, kí ó gun òkè lọ wò ó, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀: èyí tí kò lè dúró di òjò tó ń bọ̀, èyí tó lè dúró fún ọdún márùn-ún. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Òrùlé, gọ́tà, ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń bọ́ sí nílẹ̀.

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Mo ṣe akọ̀wé irú iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà. Ẹ bá mi ṣí 2 Àwọn Ọba orí 12. Ọba Jehoaṣi pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà fi owó tó ń wọlé tún ilé Olúwa ṣe. Títí di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, wọn ò tíì dí ibi tó ya. Ìgbà náà ni Jehoiada àlùfáà gbé àpótí kan, ó dá ihò sí ọmọrí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ kà á, á sì bọ́ sọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀mọlé àti agbẹ́-òkúta. Ẹsẹ 13 ló máa ń mú mi dúró: wọn ò fi owó náà ṣe àwo fàdákà. Ibi tó ya ni wọ́n kọ́kọ́ fi dí.

Ìyá àgbà yẹn ò bá yín jà o. Wọ́n ń béèrè ohun tí gbogbo ìjọ ń béèrè nílé. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tó kù. Kí ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí máa fọwọ́ sí i kí owó tó kúrò ní báńkì. Ẹ sì sọ fún wọn látorí pẹpẹ pé ọ̀dà yẹn ò tọ̀nà. Ó ṣòro láti sọ, èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ mi sì gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. "Owó àtúnṣe" ò ní ojú, kò ní ara. Fèrèsé kan ní i, igi òrùlé kan náà ní i. Nínú Nehemiah orí 3, oríṣiríṣi ìdílé ló gba apá kọ̀ọ̀kan odi, títí kan Ṣallumu àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Kí ẹ tó kéde, ẹ lọ bá àwọn tó lówó lọ́wọ́ nílé wọn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún níbẹ̀ tí wọ́n ti lọ jìnnà, ìwé ìrìbọmi yín ní orúkọ wọn.

Ọmọ Akọrin

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Bí ẹ bá máa kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣètìlẹ́yìn fún ilé àtijọ́, ẹ kọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe. Ẹ ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́ báyìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ó ká yín lára bí ó bá pẹ́: 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà Cologne ní Jámánì, iṣẹ́ dúró fún ohun tó lé ní 200 ọdún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1842, ọdún náà gan-an ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń kówó jọ fún un sílẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1880. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń kówó jọ fún àtúnṣe rẹ̀ dòní.

Akápò Àtúnṣe

Ẹ ṣé gan-an. Ayàwòrán ilé ti gun òkè lọ, èmi náà dúró sí ẹsẹ̀ àkàbà. Ewé ló dí gọ́tà tó wà níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, igi kan ṣoṣo ló sì ti jẹrà lórí. Àwọn tó kù le koko. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn níwájú ìjọ lánàá, mo sì bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà yẹn tún pè mí. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ wọn síwájú gọ́tà.