Máàpù wo ni ká rà fún West Highland Way?

ỌmọṢágámù_Leeds: Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rin West Highland Way ní oṣù karùn-ún, láti Milngavie dé Fort William ní Scotland, máìlì 96, ọjọ́ 7 la fi sí i. Mo ti gbé app máàpù OS (Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain) sórí fóònù mi, ẹ̀gbọ́n mi wá ní irọ́ ni, àfi ká ra máàpù bébà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, Landranger rèé, Explorer rèé (OS ló ṣe méjèèjì), Harvey rèé (ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é), orí mi dàrú. Ṣé fóònù nìkan ò tó ni?

ÌyáTáyé_Glasgow: Ẹ̀gbọ́n yín ló jàre 😂 Explorer ló fi gbogbo nǹkan hàn dáadáa lóòótọ́ àmọ́ bébà ẹ̀ pọ̀ fún ọ̀nà yẹn, ẹ máa di máàpù sẹ́rù bí ẹni tó fẹ́ lọ tà á. Harvey ni kẹ́ ẹ rà, bébà kan ṣoṣo, ìwọ̀n 1:40,000 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà jẹ́ mítà 400 nílẹ̀), omi ò sì lè bà á jẹ́. Lọ́dún tó kọjá òjò ká wa mọ́ orí Rannoch Moor, pápá ẹrẹ̀ gbalasa tí ọ̀nà yẹn gbà kọjá, ìka mi ti kú, ojú fóònù rin gbingbin, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò dáhùn, kámẹ́rà ló kàn ń ṣí fúnra ẹ̀. App yẹn náà dáa o, ṣùgbọ́n ẹ da máàpù ẹ̀ sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí nẹ́tíwọ̀kì.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jàre, èèyàn ò lè ṣìnà bọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmì thistle (òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Scotland) funfun wà lára òpó káàkiri. Oúnjẹ àti ibùsùn ni kẹ́ ẹ fi máàpù ṣètò. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Tyndrum, hòtẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan lẹ máa rí, ṣọ́ọ̀bù gidi ò sí mọ́ títí dé Kinlochleven, bíi máìlì 28. Inversnaid sí Inverarnan náà, ó dà bíi máìlì 6 ààbọ̀ péré lójú bébà, mo fi wákàtí 2 sí i, gbòǹgbò igi àti òkúta létí Loch Lomond ni mo ń fọwọ́ fẹsẹ̀ gùn, wákàtí 4 ni mo lò. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pàgọ́, láti oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹsàn-án, àwọn ibì kan létí adágún yẹn ń gba ìwé àṣẹ.

ỌmọṢágámù_Leeds: Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín mi ni. Ibùsùn ní Kingshouse, hòtẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀nà yẹn ńkọ́, ṣé a lè dúró di oṣù kẹrin?

Ẹlẹ́sẹ̀Irin: Oṣù kẹrin kẹ̀! Ẹ gba ibùsùn yẹn sílẹ̀ lálẹ́ òní.