Àbọ̀: igbó ìtọ́jú fún màmá mi ní Texas

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bí màmá mi, tí jẹjẹrẹ ń bá fínra, ṣe lè rí igbó ìtọ́jú gbà ní Texas.

Ẹni tó sọ fún mi pé Texas kì í fún aláìsàn ní káàdì igbó ìtọ́jú ló jàre. Dókítà tó forúkọ sílẹ̀ nínú ètò igbó ìtọ́jú Texas ló kọ oògùn náà fún màmá mi sínú àkọsílẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CURT. ID màmá mi, orúkọ ìdílé wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ńbà márùn-ún tó kẹ́yìn nínú Social Security wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti Amẹ́ríkà) la fi gbà á. Dókítà jẹjẹrẹ wọn kò sí nínú ètò náà. Ìwé àyẹ̀wò nìkan la rí gbà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èébì ti dínkù, wọ́n ti ń jẹ àmàlà! Owó ló kù: ìńṣọ́ránsì kò san kọ́bọ̀. Ẹ má sì gbé e wá sí Nàìjíríà o, òfin kò gbà á.