"Òkúta ojú oórì" ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn ìdílé kan béèrè pé kí ni ká máa pe òkúta tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí, tí wọ́n ń gbé ka orí sàréè. Àwọn kan dáhùn pé "òkúta ìrántí". Àǹtí wa kan dá "àmì-òkú" sílẹ̀. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ jẹ́ ká tètè gbé "àmì-òkú" kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ lójijì níwájú ìyá àgbà, á ní kí lẹ rí lára òun.

"Òkúta ìrántí" ni mo ní ẹjọ́ bá, nítorí pé ó dùn létí. Ìrántí kò sọ pé òkú wà nísàlẹ̀. Ẹ wo Ẹfúnróyè Tinúbú: ère rẹ̀ wà ní gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló kú sí ní 1887, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìrántí ni méjèèjì. Tí a bá fi orúkọ kan náà pè wọ́n, ọmọ tó ń wá ibi tí ìyá ńlá náà sùn sí, Èkó ni yóò forí lé.

Ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tún lọ́jú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891 ló kú, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ l'Ékòó ni wọ́n sì sin ín sí. Nígbà tí ìjọba ológun wá tú itẹ́ òkú náà ká ní àwọn ọdún 1970, òun rí ẹni gbé e: inú Kàtídírà tó wà ní Marina ló wà báyìí. Kì í ṣe gbogbo àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá sílé, tí wọ́n sin síbẹ̀ ló rí ẹni gbé wọn. Fún ìdílé tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, òkúta tí wọ́n hú dànù yẹn ni ìwé ìtàn wọn. Ẹni tó bá ń túmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó máa fi ìyàtọ̀ sáàárín òkúta tó wà lórí òkú àti èyí tí wọ́n kàn rì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 35, níbi tí Jékọ́bù ti sin ìyàwó rẹ̀, "ọ̀wọ̀n ojú oórì Rákélì" ni Bíbélì wa pè é. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí aráyé ń sọ ni wọ́n kọ. Nítorí náà, òkúta ojú oórì ni. Tó bá dúró ṣánṣán, ẹ pè é ní ọ̀wọ̀n. Tó bá jẹ́ pé ó nà gbalaja, bíi mábù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, wàláà ojú oórì ni tèmi. Ọmọ kéú mọ wàláà, ẹni tó ń ka òfin Mósè náà mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni ìkọ̀wé tó wà lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtàn wà. Ojú oórì bàbá àgbà wa wà níwájú ilé, àwọn ìyàwó ilé máa ń sá èlùbọ́ lé e lórí. Èkó ni wọ́n ti gbẹ́ mábù rẹ̀ wá. Wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ ní ìdí-ìdí, ìdí ìyá àgbà kọ́kọ́, ìdí ìyàwó kejì tẹ̀ lé e, ó wá parí sí "àti àwọn ọmọ yòókù". Lábẹ́ ibẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, ẹnì kan ti fi ìṣó ha orúkọ mẹ́ta, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Gbogbo ilé mọ ìdí tí wọ́n ti wá. Wọ́n ti kun ojú oórì yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, kò sí kúńlékúnlé tó jẹ́ fi ọ̀dà kan orúkọ mẹ́ta yẹn. Tí ẹ bá pe ìkọ̀wé òkúta ní "àkọlé", ti mábù nìkan lẹ kó. "Àkọsílẹ̀ ojú oórì" gba ti mábù, ó gba ti ìṣó.

Ẹ sì bá mi bẹ àwọn tó ń kọ "Ìlà oòrùn 1931, Ìwọ̀ oòrùn 2019" sára òkúta. Bíi pé òkú náà rìnrìn àjò láti Ìpetu lọ sí Ṣakí ló rí. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìpapòdà kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Ó ku ọ̀kan tí apá mi kò ká: èyí tí wọ́n kọ́ bí ibojì, tí òkú kò sí nínú rẹ̀ rárá. "Oórì aláìlókùú" ni mo rí, kò sì rọ̀ mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa tó parí orí kẹta ìwé náà.