Ìgbà wo ni omi nopal ń wọ inú láìmù tí a fi ń rẹ́ San Xavier del Bac?

Ẹ̀yin bíríkìlà àti ẹ̀yin tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. San Xavier del Bac, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì àtijọ́ kan lẹ́bàá Tucson ní Arizona, Amẹ́ríkà, ni mo ń fi ògiri kékeré kan dánwò fún. Àwọn Franciscan, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, ló darí kíkọ́ rẹ̀ láti 1783 sí 1797; bíríkì sísun, òkúta àti láìmù (òkúta ẹfun tí a sun, kì í ṣe èso) ni wọ́n fi kọ́ ọ, títí kan òrùlé rìbìtì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, omi há sínú ògiri, ó sì ń ba àwòrán inú jẹ́. Ni wọ́n bá ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò, wọ́n padà sí láìmù, yanrìn àti omi nopal, ewéko ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀ tí omi rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá.

Lórí ògiri ìdánwò mi, ìpele àkọ́kọ́: láìmù 1, yanrìn 3. Ti òkè: 1 sí 2, kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Mo gé nopal, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Tí mo bá fi omi rẹ̀ nìkan pò ó, kì í tètè le, ojú rẹ̀ a sì máa bó bí ìyẹ̀fun bí a bá fọwọ́ kàn án. Tí ó bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ó ń le, àmọ́ ó ń sán wẹ́wẹ́. Mo ti fi àpò tútù bò ó, mo dín omi kù, mo sì tún fi pákó tẹ̀ ẹ́ kó tó gan. Sísán náà dín kù, kò tán.

Ṣé ìgbà tí a bá ń fi omi pa láìmù ni omi nopal ń wọlé, àbí ìgbà tí a bá ń pò ó mọ́ yanrìn? Kílò nopal mélòó sí lítà omi mélòó? Ṣé tútù ni, àbí èyí tó ti kan?