Èrò mi lórí «tìmùtìmù ìdánmọ́tò»

Ẹ̀yin ará,

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá pé ká máa pe fóòmù róbótó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ń mú ara mọ́tò dán, ní «tìmùtìmù ìdánmọ́tò». Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn.

Mọ́tò ló ń dán. Èèyàn kì í dán mọ́tò, àfi tó bá fẹ́ dán an wò. Ẹ sọ «ìdánmọ́tò» létí mẹkáníìkì, ohun tó máa rò ni pé ẹ fẹ́ gbé e jáde sí títì láti mọ̀ bóyá búréèkì rẹ̀ ń mú. Tìmùtìmù ńkọ́? Nǹkan ìjókòó ni, nǹkan ìsinmi. Iṣẹ́ ni ti eléyìí. Ìpara tí wọ́n ń kán sójú rẹ̀ ní èérún líle tó kúnná nínú; bí ẹ̀rọ ti ń yí i ló ń fá díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ọ̀dà aláìláwọ̀ tó bo mọ́tò, èyí tí kì í sábà nípọn ju ìdá 50 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ.

«Kànrìnkàn ẹ̀rọ» ni tèmi. Ìtọ́jú rẹ̀ ti wà nínú orúkọ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń yá ẹlòmíràn ní kànrìnkàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀: bí èyí tó le bá kù sínú fóòmù tí ẹ tún fi èyí tó kúnná sí i, yóò ha ọ̀dà tí ẹ fẹ́ kó dán. Bí ẹ bá parí apá kan lára mọ́tò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìpara gbígbẹ kúrò lójú rẹ̀, tàbí kí ẹ fẹ́ ẹ dànù pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bíi ti fọkanáísà. Bí ihò inú fóòmù bá dí, yóò gbóná. Àárín ni ooru ń kóra jọ sí, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń rún. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ń dá ihò sí i láàárín. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ fún un, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi má baà lọ jókòó sídìí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ yìí ti lè ṣini lọ́nà ni pé a máa ń sá kànrìnkàn sóòrùn. Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí eléyìí gbẹ sí.

Ẹni tó ní ká fi àwọ̀ pín oríṣi fóòmù wọ̀nyí, ká máa sọ pé «aláwọ̀ ọsàn» tàbí «dúdú», ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọ̀ ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì. Èyí tí ilé iṣẹ́ kan fi ṣe àṣekẹ́yìn lè jẹ́ àwọ̀ èyí tó le jù lọ́dọ̀ òmíràn, ọ̀dà oníbàárà ló sì máa jìyà rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni ká fi pè wọ́n: afálà fún èyí tó ń fá ìlà ọgbẹ́ kúrò, amúdán fún èyí tó tẹ̀ lé e, àṣekágbá fún èyí tó rọ̀ jù. Ti irun àgùntàn, afálà ni. Ẹ má pè é ní «olówùú». Òwú ń hù lóko, àgùntàn ń jẹ̀.

Nípa ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, «èèmọ́» tó. Èso ewéko irú rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ajá George de Mestral lórílẹ̀-èdè Switzerland ní 1941 ló fún un lérò tó fi ṣe irú ohun ìlẹ̀mọ́ yìí. Àwa ti ní orúkọ nílẹ̀ kó tó dé.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló kù. Ọ̀kan ń yí lójú kan ṣoṣo, ó yára gbóná. Èkejì ń yí, ó tún ń pòòyì. «Ayíbírí» lè bá ti àkọ́kọ́ mu. Ta ló ní ọ̀rọ̀ fún èkejì?